Èwo Ni Elizabeth Nínú Wọn?

4.

… nítorí náà, láti òní lọ, kò sí alààyè kan tó lè na ìka sí iṣu kan nínú àká yìí kó ní, "Elizabeth nìyí."

(Ojú ewé kìíní dé ìkẹta: mo ti ya wọ́n. Ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ ni. Kò kan ẹnikẹ́ni.)


5.

Iṣu ni Elizabeth.

Orúkọ ìyá ìyàwó mi ló ń jẹ́. Nígbà tí wọ́n mú Àjíkẹ́ wá fún mi láti Àgbàdo-Èkìtì, ìyá rẹ̀ di iṣu díẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹrù ìyàwó. Ó ní, "Bí ọmọ mi bá ṣẹ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ jẹ iyán rẹ̀ kí ẹ tó bá a wí." A gbìn ín sí oko wa lẹ́yìn Emùré. Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni Àjíkẹ́ ń wà á, tó ń gé orí rẹ̀ sọ́tọ̀, tó tún ń gbìn ín. A kò rí irú rẹ̀ rà lọ́jà rí. Iyán rẹ̀ kì í ní kókó. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ó ṣì rọ̀.

Àjíkẹ́ kú ní ìgbà òjò tó kọjá.

Iṣu rẹ̀ ṣì wà láàyè nínú àká. Àkókò gbígbìn ti ń bọ̀. Bí a bá gbin òmíràn, tí a sì jẹ òun, ó parí nìyẹn.


6.

ÌKÉDE
(lára páálí, mo so ó mọ́ ẹnu àká)

KÍ ẸNIKẸ́NI MÁ ṢE MÚ IṢU NÍBÍ
FÚN JÍJẸ, FÚN TÍTÀ TÀBÍ FÚN ÀLEJÒ.
ÌWÁDÌÍ Ń LỌ LỌ́WỌ́.
— Ezekiel, wolé-wolé (ó ti fẹ̀yìn tì)

Lábẹ́ rẹ̀, ẹnì kan ti fi èédú kọ ọ́ pé:

ewúrẹ́ kò mọ̀wé kà o

Mo mọ ọwọ́ náà. Jẹ́jẹ́ ni. Oko èmi àti tirẹ̀ jọ pààlà. Ó ń fi ọ̀kadà gbé èrò nígbà tí kò bá sí lóko, ó sì ń fi mí ṣeré nígbà méjèèjì.


7.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀.

ÈMI: Ta ló fọwọ́ kan àká?

ṢẸ́GUN: Èmi ni, Bàbá. Mo bá yín tún un tò.

ÈMI: Báwo lo ṣe tò ó?

ṢẸ́GUN: Láti orí èyí tó tóbi jù dé orí èyí tó kéré jù. Ẹ wò ó bó ṣe gún régé.

ÈMI: (Mo wo ìlà náà láti òpin kan dé èkejì.)

ṢẸ́GUN: Níbi iṣẹ́ mi l'Ékòó, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń to ọjà. Èèyàn á kàn wọlé, á ti rí ohun tó fẹ́ mú.

ÈMI: Ó dáa. Mú Elizabeth fún mi.

ṢẸ́GUN: Elizabeth?

ÈMI: Elizabeth.

ṢẸ́GUN: Bàbá… mo rò pé ẹ ti kọ nǹkan sí wọn lára ni.

Ọmọ mi ọkùnrin ni Ṣẹ́gun. Ó fi Èkó sílẹ̀ wá bá mi gbé fúngbà díẹ̀ kí n má baà dá wà. Ọmọ dáadáa ni. Ìṣòro ibẹ̀ gan-an nìyẹn: n kò rí ibi tí mo ti fẹ́ bá a wí.


8.

A kò kọ nǹkan sí wọn lára.


9.

Ọ̀nà tí Àjíkẹ́ fi ń mọ̀ ọ́n, bí mo ṣe bi í nígbà kan:

— Èwo ni Elizabeth?

— Èyí tó wà lápá ọ̀tún iṣu gàmbàrí.

— Èwo ni gàmbàrí?

— Èyí tó wà lápá òsì Elizabeth.

— Àjíkẹ́, ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn.

— Ṣé ẹ ti ṣì í jẹ rí?

— Rárá.

— Ẹ fọwọ́ yín, ẹ wá jẹun.

Inú bí mi. Mo fọwọ́ mi. Mo jẹun.


10.

Wásáàpù. Orúkọ ẹgbẹ́: ULÉ WOLÉ-WOLÉ

ṢẸ́GUN: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ iṣu Màámi?

ÌMỌ́LẸ̀: Dádì, kí lẹ ṣe?

ṢẸ́GUN: Mo tún àká tò ni.

ÌMỌ́LẸ̀: Ẹ ṣe kí ni???

ṢẸ́GUN: Ó mọ́ tónítóní báyìí.

ÌMỌ́LẸ̀: 😭😂😭

ESTHER (ohùn, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́): "Ta ló ní kí ará Èkó wọ àká? Ṣé súpámákẹ́ẹ̀tì ni? Ẹ má gé uṣu kankan. Ẹ má se uṣu kankan. Mò ń bọ̀ wá. Bàbá Ṣẹ́gun, mo mọ̀ pé ẹ ń gbọ́ mi, ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ̀rọ yín bàjẹ́. Ẹ bá mi wá ẹran ìgbẹ́ sílẹ̀."

Àbúrò Àjíkẹ́ ni Esther, ìyá kan náà ló bí wọn. Ìmọ́lẹ̀olúwa ni ọmọ Ṣẹ́gun. Yunifásítì ló wà l'Ádó, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò ló ń kọ́. N kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe.


11.

Ọkùnrin kan wà ní Emùré tí oúnjẹ ti di òwú lẹ́nu rẹ̀. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni. Wọ́n á gbé e wá, á jẹ ẹ́ tán, nítorí wọ́n kọ́ ọ láti kékeré pé a kì í ṣẹ́ oúnjẹ kù sínú àwo. Á ní, "Ẹ ṣeun, ó dùn." Kò sọ fún ẹnì kan.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀.


12.

Esther dé. Ẹ̀yìn ọ̀kadà Jẹ́jẹ́ ló wà, apẹ̀rẹ̀ lórí itan rẹ̀, gèlè rẹ̀ ti wọ́ lọ sẹ́yìn.

ESTHER: Bàbá Ṣẹ́gun, ẹ ti gbẹ bí ẹ̀bù iṣu tí òjò kọ̀ sílẹ̀.

ÈMI: Ẹ kú àbọ̀, Ìyá Àánú.

ESTHER: Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Kò ní wó ulé.

JẸ́JẸ́: Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ní káńsù.

ESTHER: Ìwọ, dákẹ́. Gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà lo bá mi kí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé mọ̀lẹ́bí yín ni wọ́n?

JẸ́JẸ́: Mo ní kẹ́ ẹ dì mí mú dáadáa, ẹ ní ọkọ yín á gbọ́.

Ó wọ àká. Kò bọ́ bàtà, kò mu omi. Ó ń gbé iṣu, ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó ń fi èékánná họ ọ́ lára, ó ń fi ìka kàn án bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ó dé iwájú ìlà gígún tí Ṣẹ́gun tò, ó mí kanlẹ̀.

ESTHER: Ẹ wò wọ́n bí ọmọ iléèwé.

Ó yan márùn-ún sọ́tọ̀.

ESTHER: Elizabeth wà nínú àwọn wọ̀nyí.

ÈMI: Èwo?

ESTHER: Mo ní ó wà nínú wọn. Ẹ má fi ìkánjú sọ mí di òpùrọ́.


13.

ÀBỌ̀ ÌWÁDÌÍ
Ibi: ẹnu àká. Àwọn tó wà níbẹ̀: Esther, Ṣẹ́gun, Jẹ́jẹ́ (a kò pè é).

Ìbéèrè: Kí lẹ fi mọ̀ pé ó wà nínú márùn-ún yìí?

Ìdáhùn: Awọ rẹ̀. Ó jọ̀lọ̀ nísàlẹ̀, ó ní irun lọ́rùn.

Ìbéèrè: Ta ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ni awọ Elizabeth ṣe ń rí?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n mi ló fi hàn mí.

Ìbéèrè: Àjíkẹ́?

Ìdáhùn: Ọdọọdún tí mo bá wá bá a wa iṣu. Òun ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Èmi ń wò ó.

Mo gbé bírò sílẹ̀.

ÈMI: Ìyá Àánú. Àjíkẹ́ kì í dá a yà sọ́tọ̀. Ẹ̀yin ló ń dúró dè. Bí mo bá ní kó ṣe kíá, á ní, "Ẹ jẹ́ kí Esther dé ná. Esther ló mọ Elizabeth."

ESTHER: Irọ́ ni.

ÈMI: Èmi kì í parọ́.

ESTHER: Mo mọ̀. Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà mí.

Ó jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ó ronú. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

ESTHER: Á gbé uṣu kan sókè. Á wo ojú mi. Mo rò pé ó ń dán mi wò ni, ojú ń tì mí láti sọ pé n kò mọ̀. Màá kàn mi orí.

JẸ́JẸ́: Òun náà á wá rò pé ẹ mọ̀.

ESTHER: Á gbé e sọ́tọ̀! Màá wá sọ nínú ara mi pé, hẹn, Ẹ̀gbọ́n mà mọ uṣu o.

Ó ṣubú lórí odó. Ẹ̀rín ni, n kò kọ́kọ́ mọ̀. Ṣẹ́gun di òpó mú. Jẹ́jẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn iṣu náà, ó ní, "Ẹ káàsán, Màmá Elizabeth, èyíkéyìí tí ẹ bá jẹ́."

Èmi dúró. Mo wo òrùlé àká. Mo rí i pé ó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀.


14.

Ṣùgbọ́n iyán náà kò ní kókó rí.


15.

OHUN TÍ MO MỌ̀, TÍ ẸNIKẸ́NI KÒ SỌ FÚN MI
— Àjíkẹ́ ti kú. Mo wà níbẹ̀.
— Iṣu wà nínú àká.
— Ìka ọwọ́ òsì mi ń dùn mí.

OHUN TÍ WỌ́N SỌ FÚN MI
— Ọdún tí wọ́n bí mi.
— Pé bàbá mi ni bàbá mi.
— Pé ayé rí roboto.
— Pé Ìbàdàn ni òfin tí mo fi ń mú àwọn tó ní ìdin ẹ̀fọn nínú àmù ti wá.
— Pé Elizabeth tí a jẹ kẹ́yìn ni ọmọ ọmọ Elizabeth tó wá nínú apẹ̀rẹ̀.
— Pé ara Àjíkẹ́ yóò yá.

Apá kejì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Mo gbìyànjú láti gbé nǹkan kan láti ìsàlẹ̀ sókè. Kò sí èyí tó gbà.


16.

Ìmọ́lẹ̀ ti Adó dé. Wọ́n ròyìn fún un. Ó kọ èyí fún mi sínú ìwé rẹ̀, ó fà á ya, ó fún mi. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibí.

*Bàbá àgbà mi ọ̀wọ́n,*

*Ohun tó ń dà yín láàmú ni wọ́n fi odindi sáà kan kọ́ wa. Bí mo bá ní mo mọ nǹkan, ẹ ó bi mí pé kí ni ìdí. Bí mo bá sọ ìdí, ẹ ó bi mí ní ìdí ti ìdí. (Mo mọ̀ yín.) Yálà ká máa bá a lọ báyìí títí láé, tàbí ká dúró lórí ohun kan tó dá dúró fúnra rẹ̀, tàbí ká rìn yí po padà síbi tí a ti gbéra, bí Màámi àgbà àti Ìyá Àánú.*

*Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní ìmọ̀ dà bí ilé. Ó gbọ́dọ̀ ní ìpìlẹ̀: ohun tí ojú rí, tí ọwọ́ kàn, tí kò nílò ẹlẹ́rìí. Èmi ń pè wọ́n ní Onípìlẹ̀. Ẹ̀yin ni ọ̀gá wọn.*

*Àwọn kejì ní kò sí ohun tó dá dúró. Ohun tí a gbà gbọ́ ń ti ara wọn lẹ́yìn ni. Bí ọmọ odó mẹ́ta tí a fi orí wọn ti ara wọn láàárín àgbàlá: kò sí èyí tó kan ògiri, wọn kò sì ṣubú. Mo pe àwọn yìí ní Afaratira.*

*Ìbéèrè tí wọ́n ń bi Onípìlẹ̀: ta ló yẹ ìpìlẹ̀ náà wò? Ìbéèrè tí wọ́n ń bi Afaratira: ṣé irọ́ kò lè fara ti irọ́, kí gbogbo rẹ̀ sì dúró dáadáa? (Ẹ wo àká Dádì. Ó gún régé.)*

*Mo bi olùkọ́ wa pé èwo ló tọ̀nà. Ó ní ká lọ jẹun ná.*

*Ìmọ́lẹ̀*


17.

Lẹ́bàá iná, wọ́n ń se ọbẹ̀.

ÈMI: Mo ka ìwé rẹ. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Mo ti rí ilé tó wó.

ÌMỌ́LẸ̀: Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, Bàbá àgbà. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gbé ìkòkò yìí?

ÈMI: Ilẹ̀ ló gbé gbogbo wọn.

(Ó wo ilẹ̀.)

ÌMỌ́LẸ̀: Ìyẹn dára gan-an. Màá fi kọ ìdánwò.

ESTHER: Ẹ kò ní kọ nǹkan kan. Ẹ fẹ́ná sí ọbẹ̀.

Inú mi dùn. Mo fi pamọ́.


18.

ÌPINNU

Gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbẹ̀ ti mọ̀, orí iṣu ni à ń gbìn, ìdí rẹ̀ ni à ń jẹ. A lè ṣe méjèèjì lára iṣu kan náà.

Nítorí náà: a ó gé márùn-ún yìí. A ó fi èédú kọ nọ́ńbà sí orí kọ̀ọ̀kan àti ìdí rẹ̀. A ó kó àwọn orí pamọ́. A ó gún àwọn ìdí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi yóò tọ́ wọn wò.

Ìpìlẹ̀ tí mo dúró lé ni ahọ́n mi. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọdún tí mo fi jẹ Elizabeth pọ̀ ju ọdún tí ọmọ mi ti lò láyé.

(Nípa ọkùnrin Emùré inú ojú ewé kọkànlá: a kò pè é wá jẹ́rìí.)


19.

Odó márùn-ún nínú àgbàlá kan. Méjì ni tiwa. A yá ìyókù.

Ẹ ò lè gún iyán ní odó márùn-ún ní Emùré kí àdúgbò máà gbọ́. Ìró rẹ̀ kọjá ọ̀dọ̀ wa, ó gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó dé ojú títì. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

— Ẹ kú ìnáwó o.

— Kì í ṣe ìnáwó, mo ní. Ìwádìí ni.

— Ẹ kú ìwádìí.

Wọ́n jókòó.

Ṣẹ́gun wà nídìí odó kẹta. Ó ń gún un bí ẹni ń lé eku.

ESTHER: Ṣẹ́gun, uṣu náà ti kú. O lè dáwọ́ lílù dúró.

ṢẸ́GUN: Àǹtí, apá ti ń ro mí.

ESTHER: Apá tó tún àká tò yẹn?

Màmá Adérónkẹ́, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, gba ọmọ odó lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó gún un lẹ́ẹ̀melòó kan, ó dá a padà fún un, ó ní, "Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ̀yin ọkùnrin ẹ ń bá odó jà." Ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan dá orin. Ọmọ odó ń tẹ̀ lé orin náà, márààrún, ọ̀kan ń bọ́ sílẹ̀ bí èkejì ti ń gòkè. Ooru àti òórùn iṣu gbígbóná bo gbogbo ojú wa.

Àgbàlá yìí kò tíì gba ariwo bẹ́ẹ̀ láti ìgbà

[Mo pa ìlà kan rẹ́ níbí.]


20.

ÀYẸ̀WÒ
Mo kọjú sí ògiri. Ìmọ́lẹ̀ ń fi òkèlè sí mi lọ́wọ́. N kò rí àwo.

Òkèlè àkọ́kọ́ . . . . . . Kì í ṣe òun.

Èkejì . . . . . . Kì í ṣe òun.

Ẹ̀kẹta . . . . . . Òun ni.

(Ariwo. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ní kí wọ́n dákẹ́.)

Ẹ̀kẹrin . . . . . . Kì í ṣe òun.

Ẹ̀karùn-ún . . . . . . Ó jọ ọ́. Kì í ṣe òun.

Ẹ̀kẹfà

ÈMI: Iṣu márùn-ún ni a gé. Kí ni ẹ̀kẹfà?

ÌMỌ́LẸ̀: Ẹ ṣáà tọ́ ọ wò.

ÈMI: Kì í ṣe òun.

ÌMỌ́LẸ̀: Ẹ̀kẹta yẹn náà ni, Bàbá àgbà.


21.

Ìpìlẹ̀ ti sán.


22.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Èyí ló jẹ́ kí n sọ ọ́.

ÈMI: Nǹkan kì í dùn lẹ́nu mi mọ́. Láti ìgbà tí ó ti lọ. Mo kàn ń gbé e mì ni.

ESTHER: Ọbẹ̀ tí mo sè lánàá ńkọ́? Tí ẹ ní ó dùn?

ÈMI: Ẹ̀kọ́ ilé ni.

ESTHER: Ẹ fi ẹ̀kọ́ ilé jẹ odindi itan ẹtu mi?

ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni.

ESTHER: Bàbá Ṣẹ́gun, ẹ ó san ẹtu yẹn.

Ìgbà yìí ni wọ́n tó rẹ́rìn-ín. Esther fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn mi lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé e kúrò kí n tó lè sọ pé kó gbé e kúrò.

ÌMỌ́LẸ̀: Báwo lẹ ṣe wá mú ẹ̀kẹta, bí nǹkan kò bá dùn lẹ́nu yín?

ÈMI: N kò mọ̀. Mo gbé e mì, mo fẹ́ bá Àjíkẹ́ sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ń dún.

Ìmọ́lẹ̀ kò kọ ọ́ sílẹ̀.


23.

Àwọn mìíràn náà tọ́ wọn wò. Ohun tí wọ́n sọ:

ESTHER: Ẹ̀kejì ni. Tàbí ẹ̀kẹta. Ẹ má bi mí níwájú èèyàn.

JẸ́JẸ́: Ẹ̀kẹrin. Ẹ tún bù ú fún mi kí ó lè dá mi lójú.

MÀMÁ ADÉRÓNKẸ́: Kò sí èyí tí kì í ṣe òun. Ẹ jẹ́ kí èèyàn jẹun.

ÌMỌ́LẸ̀: Ẹ dúró ná. Dádì ló gún ẹ̀kẹta. Dádì kò mọ iyán gún. Ṣé ẹ rí kókó nínú rẹ̀?

A wo inú àwo. Kò sí kókó níbẹ̀.

ÌMỌ́LẸ̀: Awọ rẹ̀ jọ ọ́, Ìyá Àánú ló sọ ọ́. Bàbá àgbà mú un lẹ́ẹ̀kan. Dádì gún un, kò sì ní kókó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó nǹkan. Ẹ wá gbé wọn ti ara wọn.

ÈMI: Ààrò mẹ́ta.

ÌMỌ́LẸ̀: Mo dúpẹ́.

JẸ́JẸ́: Ṣùgbọ́n mo gba ọmọ odó lọ́wọ́ Ṣẹ́gun nígbà kan.

ÌMỌ́LẸ̀: Odó wo?

JẸ́JẸ́: Èyí tó wà níwájú rẹ̀.

ÌMỌ́LẸ̀: Dádì, ìdí odó wo lẹ wà nígbà yẹn?

ṢẸ́GUN: Ọmọ mi, n kò ríran. Òógùn ti bo ojú mi.


24.

Ohun kan ṣì kù tí a lè fi mọ̀. Elizabeth kì í le bí ó bá di ọjọ́ kejì. Mo ní kí wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀kẹta di ọ̀la.

Wọ́n ti jẹ ẹ́ tán.

Mo bi wọ́n pé ta ni. Gbogbo àgbàlá wo ibòmíràn. Àwo náà mọ́ bí èyí tí a fi omi ṣàn.

ESTHER: Ẹ wo ìka yín, Bàbá Ṣẹ́gun.

Mo wo ìka mi.


25.

Wásáàpù. ULÉ WOLÉ-WOLÉ

ṢẸ́GUN: Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lánàá. A ti gbin àwọn orí márààrún. (Àwòrán: ebè márùn-ún, èmi níwájú wọn, ojú mi le.)

ESTHER: Ta ló ní kí wọ́n dúró lórí ìlà báyìí?

ṢẸ́GUN: Bàbá ni.

ESTHER: Àrùn Èkó ti ran baba yín.

ÌMỌ́LẸ̀: Bàbá àgbà, kí ló dé tí ẹ gbin gbogbo wọn? Mo rò pé ẹ̀kẹta la fẹnu kò sí.

EZEKIEL: A fẹnu kò sí i. A kò mọ̀ ọ́n.

ÌMỌ́LẸ̀: Onípìlẹ̀ 😂

EZEKIEL: Mo gbin ẹ̀kẹta sí àárín. Kí àwọn ìyókù lè dúró tì í lọ́tùn-ún lósì.

ÌMỌ́LẸ̀: Afaratira 😂😂

ESTHER: Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìwé sílẹ̀. Ṣé ẹ ti fi eérú pa ojú ibi tí ẹ gé kí ẹ tó gbìn ín?

EZEKIEL: Mo fi pa á.

ESTHER: Ta ló kọ́ yín?

EZEKIEL: Ẹ̀gbọ́n yín.


26.

Oko. Koríko ti ń hù. Èmi àti Jẹ́jẹ́.

Ebè mẹ́rin ti yọ. Ọ̀mùnú wọn pupa díẹ̀, ó ga tó ìka. Ti àárín kò tíì yọ.

JẸ́JẸ́: Elizabeth kì í tètè hù.

ÈMI: O kò sọ bẹ́ẹ̀ rí.

JẸ́JẸ́: Ẹ kò bi mí.

ÈMI: Gbogbo ìwádìí yẹn ń lọ, o wà níbẹ̀, o ń jẹ iyán.

JẸ́JẸ́: Ìdí nìyẹn. Ẹnu mi kò ráyè.

ÈMI: Ta ló sọ fún ọ pé kì í tètè hù?

JẸ́JẸ́: Ìyá Ṣẹ́gun ni. Ibí yìí náà la dúró sí. Ó ní, "Jẹ́jẹ́, má bẹ̀rù, ó ń ṣe yàngà ni."

ÈMI: Ó sì lè jẹ́ pé ó ti rà.

JẸ́JẸ́: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀. Èèyàn lè fi ọwọ́ wa ebè náà wò. Bí ó bá ti rà, ọwọ́ á rì sínú rẹ̀. Bí ó bá ń hù, ọ̀mùnú rẹ̀ lè dá mọ́ èèyàn lọ́wọ́.

Mo kúnlẹ̀. Mo ti ọwọ́ bọ inú ebè, díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́. Inú ilẹ̀ tutù lókè, ó lọ́wọ́ọ́wọ́ nísàlẹ̀. Mo dúró síbẹ̀. Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi lórí.

JẸ́JẸ́: Kí lẹ kàn?

ÈMI: Lọ gé koríko wá. Ká fi dé e lórí kí oòrùn má pa á.

JẸ́JẸ́: Kó má pa kí ni?

ÈMI: Òun.